Àpò kan fún gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba: ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa, níwájú àwọn ọba àti ìjòyè)

  

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí a wá bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ owó ni. Kì í ṣe owó tó wà lápò ẹnikẹ́ni nínú wa o, owó ìlú ni. Àwọn Faransé ń pè é ní fonds souverain. Àwa yóò máa pè é ní àpò ọrọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ lè ní kí ló kàn wá nínú rẹ̀. Ó kàn wá. Àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà ti ń kó iléeṣẹ́ wọn sínú irú àpò bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ethiopia bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2022, ó sì kó iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀, iléeṣẹ́ tẹlifóònù àti báǹkì ńlá ti ìjọba sí abẹ́ rẹ̀. Nàìjíríà, aládùúgbò wa, tún ilé kan tí wọ́n ń pè ní MOFI tò ní 2023 kí ó lè máa bójú tó ìpín ìjọba nínú àwọn iléeṣẹ́. Sénégal ti ní FONSIS láti 2012. Ohun tó ń yí gbogbo àdúgbò ká báyìí, ó yẹ ká mọ ohun tí a ó sọ kó tó kan ilẹ̀kùn wa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kí ni àpò yìí gan-an?

Oríṣi méjì ló wà, ẹ má jẹ́ ká pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn tó ní owó àjẹṣẹ́kù. Norway ta epo rọ̀bì, ó fi owó rẹ̀ pamọ́, ó ń fi í ra ìpín díẹ̀díẹ̀ nínú iléeṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn kárí ayé. Ìyẹn kọ́ la wá sọ. Èyí tí a wá sọ ni oríṣi kejì: kí ìjọba kó àwọn iléeṣẹ́ tirẹ̀, iná mànàmáná, omi, èbúté, báǹkì, tẹlifóònù, sábẹ́ ilé kan ṣoṣo, kí ilé náà sì máa ṣe bí olówó wọn lórúkọ ìlú.

Ẹ wò ó báyìí. Bàbá kan kú, ó fi oko ọ̀pẹ sílẹ̀, ó fi ilé tí àwọn èèyàn háyà sílẹ̀, ó fi ẹ̀rọ ìlọta àti ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan mú oko, ọ̀kan mú ọkọ̀, ọ̀kan jókòó ti ẹ̀rọ. Ní òpin ọdún, ẹni tó mú ọkọ̀ ní ọkọ̀ bàjẹ́, ẹni tó mú oko ní òjò kò rọ̀. Kò sí ìwé, kò sí ìṣirò. Ẹbí wá jókòó, wọ́n yan ẹnì kan tó mọ owó, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n ní: ìwé kan ni kí o fi hàn wá lọ́dọọdún. Ohun tí àpò yìí jẹ́ nìyẹn. Dípò kí iléeṣẹ́ iná wà lábẹ́ mínísítà kan, kí èbúté wà lábẹ́ mínísítà mìíràn, kí báǹkì wà lábẹ́ ẹlòmíì, ilé kan ni yóò máa gba èrè gbogbo wọn, tí yóò máa yan ìgbìmọ̀ tó ń darí wọn, tí yóò sì sọ èyí tó yẹ ká fi owó kún àti èyí tó yẹ ká tà.

Ó dára létí, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹbí ló ti kó ogún fún ẹnì kan, tí ẹni náà sì tà á tán kí wọ́n tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn.

Ohun tí ojú wa ti rí

Aṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa fúnra wa la ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1974, ìjọba ológun tó wà lórí oyè ní Kútọnu kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni a ó máa tọ̀. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba báǹkì, iléeṣẹ́ ìdánilójú ẹ̀mí àti ọkọ̀, epo bẹntiróòlù àti àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá mìíràn. Ó tún ń dá tuntun sílẹ̀. Méjì nínú àwọn tuntun náà, orí ilẹ̀ wa ni wọ́n wà. Ìkan ni iléeṣẹ́ ṣúgà ti Ṣábẹ, ìkejì ni iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti Onígbólò, nítòsí Pobẹ̀. Ìjọba Bénin àti ìjọba Nàìjíríà ló jọ dá méjèèjì sílẹ̀, tí àwọn aláwọ̀ funfun sì ní ìpín kékeré níbẹ̀. Àwọn àgbà tó wà níhìn-ín rántí bí inú ìlú ṣe dùn. Ilẹ̀ oko wa ló di oko ìrèké. Ilẹ̀ wa náà ni wọ́n ń gbẹ́ òkúta sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀. A ní ọmọ wa yóò rí iṣẹ́ láì rìn jìnnà.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọjà Nàìjíríà ni wọ́n fojú sí nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn iléeṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ́ wọn tóbi ju ohun tí ọjà tiwa lè rà lọ. Ní 1984, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa. Gbèsè tí a fi kọ́ wọn kò dúró de ẹnubodè. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ti Ṣábẹ bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Ṣáínà, ti Onígbólò náà bọ́ sí ọwọ́ aládàáni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ilẹ̀ wọn lọ sí i: ta ló pè wọ́n jókòó nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé yẹn?

Kì í ṣe àwa níkan o. Àwọn èèyàn wa ní Togo, lágbègbè Atakpamé, mọ ìtàn tiwọn. Ní oṣù kejì ọdún 1974 kan náà, ìjọba Togo gba iléeṣẹ́ phosphate lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Owó phosphate gòkè lágbàáyé lọ́dún yẹn. Wọ́n rò pé kò ní wálẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ tó ń fọ epo, wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ irin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì gogoro sí Lomé. Owó náà wálẹ̀, gbèsè kò wálẹ̀. Nígbà tó fi di 1979, Togo ti ń bẹ àwọn olówó pé kí wọ́n sún ọjọ́ ìsanwó síwájú.

Lọ́dọ̀ wa ní Bénin, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ dé ní 1988 àti 1989. Àwọn báǹkì mẹ́ta tó jẹ́ ti ìjọba dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó ní owó níbẹ̀ lọ gbà á, wọ́n ní kó padà lọ. Owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ ìjọba kò wọlé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń tà lọ́jà lẹ bọ́ ilé nígbà náà, a kò gbàgbé. Ara ohun tó gbé wa dé Àpérò Àpapọ̀ oṣù kejì ọdún 1990 nìyẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé olè ló pa àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn. Olè wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà yẹn mọ̀ pé ohun mìíràn wà tó burú tó olè. Iléeṣẹ́ kan wà tí a kò ní dárúkọ. Bí mínísítà bá ti yí padà, ọ̀gá àgbà ibẹ̀ á yí padà. Ìwé tó ń tòkè wá kì í béèrè pé èló lẹ pa lọ́dún yìí. Ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ bá wa gba ọmọ yìí síṣẹ́, ẹ bá wa fi ọkọ̀ méjì ránṣẹ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìwé ìnáwó ọdún mẹ́ta lè wà nílẹ̀ láì sí ẹni tó ṣí i wò. Olówó iléeṣẹ́ náà ni ìlú, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan tó jókòó sórí àga olówó. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa wá di ohun tí kò ní olúwa.

Singapore, ní ọdún kan náà

Ní June 25, 1974, ọdún tí Togo gba phosphate, tí Bénin sì kéde ọ̀nà tuntun, ìjọba Singapore forúkọ ilé kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Temasek. Erékùṣù kékeré ni Singapore. Dahomey ti fi ọdún márùn-ún gba òmìnira kí Singapore tó dá dúró ní 1965. Kò ní epo, kò ní ilẹ̀ oko, ó ń ra omi mímu lọ́wọ́ Malaysia.

Iléeṣẹ́ 35 ni wọ́n kó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mínísítà ìnáwó fún Temasek, tí gbogbo rẹ̀ tó 354 mílíọ̀nù dọ́là Singapore. Ẹ má rò pé iléeṣẹ́ àrà ọ̀tọ̀ ni wọ́n o. Ọgbà ẹyẹ kan wà níbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe bàtà wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ wà níbẹ̀. Ọgbà àtúnṣe ọkọ̀ ojú omi wà, iléeṣẹ́ irin wà, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá pálá sì wà. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí àwa náà ní lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 2024, ohun tó wà nínú àpò náà ti tó 389 bílíọ̀nù dọ́là Singapore.

Kí ni wọ́n ṣe tí a kò ṣe? Nǹkan mẹ́ta la rí.

Èkínní: òfin àwọn oníṣòwò lásán ni wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń san owó orí bí gbogbo iléeṣẹ́. Mínísítà ìnáwó ló ni ín lórúkọ ìjọba, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń sọ pé ẹ ra èyí, ẹ ta tọ̀hún, ẹ gba lágbájá síṣẹ́. Iléeṣẹ́ tí kò bá lè dá ara rẹ̀ bọ́, wọn kò ní máa fi owó ìlú bọ́ ọ títí ayé.

Èkejì: kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Ìjọba mú ọ̀kan. Láti 1991 ni òfin wọn ti sọ pé Ààrẹ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn ni yóò mú ìkejì. Ààrẹ yẹn kì í ṣe olórí ìjọba bíi tiwa. Iṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì ni láti ṣọ́ ohun tí àwọn ará ìṣáájú kó jọ. Bí kò bá fọwọ́ sí i, a kò lè yan ìgbìmọ̀ Temasek, a kò sì lè yọ wọ́n.

Ẹ̀kẹta: òfin pààlà sí èrè. Nínú èrè tí wọ́n retí pé àpò náà àti àwọn àpò ìjọba yòókù yóò mú wá, ìjọba kò lè fi ju ìdajì lọ sínú ètò ìṣúná ọdún. Ìyókù wà fún ọmọ tí a kò tíì bí. Ìdajì tó ń wọlé yẹn ni wọ́n fi ń kún owó ilé ìwé àti ilé ìwòsàn.

A kò sọ pé Singapore jẹ́ ọ̀run o. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló ti ń ṣèjọba níbẹ̀ láti 1959. Láti 2004 sí 2021, ìyàwó olórí ìjọba ló jẹ́ ọ̀gá àgbà Temasek. Ó mọ iṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú béèrè ìbéèrè, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Temasek fi wà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde fún gbogbo ènìyàn ní 2004. Ó sì ti pàdánù rí. Ní 2022, 275 mílíọ̀nù dọ́là Amẹ́ríkà wọmi sínú iléeṣẹ́ owó íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ FTX. Ohun tó jọ wá lójú níbẹ̀ ni pé ìròyìn náà jáde láti ẹnu àwọn fúnra wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gé owó àwọn ọ̀gá tó dábàá òwò yẹn.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni Malaysia wà

Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé àpò yìí fúnra rẹ̀ ló ń mú ìlú là, ẹ wo Malaysia. Afárá ló wà láàárín òun àti Singapore. Ní 2009, Malaysia dá àpò kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ 1MDB. Olórí ìjọba, Najib Razak, ni alága ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ ẹnì kan ló sì wà. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ nílé ẹjọ́ pé ó lé ní 4.5 bílíọ̀nù dọ́là tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Wọ́n fi ra ọkọ̀ ojú omi fàájì, ilé olówó ńlá àti ohun ọ̀ṣọ́.

Olùṣàyẹ̀wò àgbà ìlú kọ ìròyìn rẹ̀ lórí àpò náà. Ní 2016, ìjọba fi èdìdì àṣírí ìlú di ìròyìn yẹn: ẹni tó bá tú u, ẹ̀wọ̀n ni. Ìgbà tí àwọn ará ìlú fi ìbò lé Najib lọ ní 2018 ni èdìdì tú. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2020, ó sì wọ ẹ̀wọ̀n ní 2022. Ṣùgbọ́n gbèsè 1MDB, àwọn ọmọ ìlú ló ń san án.

Ẹ rí i báyìí: irú àpò kan náà, aládùúgbò ni wọ́n, ọ̀kan di ọrọ̀, ọ̀kan di gbèsè. Ìyàtọ̀ wọn kò sí nínú orúkọ àpò. Ó wà nínú ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ àti ẹni tó lè ka ìwé.

Kí ni ká ṣe nílẹ̀ wa?

Àwọn kan yóò sọ pé kí ìjọba kúkú ta gbogbo rẹ̀ fún aládàáni, kí ọ̀rọ̀ parí. Ní 2018, ìjọba Bénin fi ìdarí èbúté Kútọnu lé àwọn ará Antwerp ní Belgium lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èbúté náà ṣì jẹ́ ti ìlú. A lè háyà ẹni tí yóò bá wa ro oko. Kò burú. Ṣùgbọ́n olóko gbọ́dọ̀ mọ iye ebè tó wà lóko rẹ̀, kí ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè. Bí a bá háyà, bí a bá tà, bí a bá kó o sínú àpò, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga olówó nítorí tiwa.

Nítorí náà, bí ìjọba èyíkéyìí, ní Kútọnu tàbí ní Lomé, bá gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ wá, ohun tí a dábàá ni pé kí ẹgbẹ́ wa má ṣe kọ̀ ọ́, kó má sì yára pàtẹ́wọ́. Kí a gbé ìbéèrè mẹ́rin síwájú àwọn aṣòfin tí a fi ìbò wa rán lọ.

Ìbéèrè kìíní: kí ló wà nínú àpò náà? Kí wọ́n tẹ orúkọ gbogbo iléeṣẹ́ àti gbèsè tó wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá gba ogún láì mọ gbèsè inú rẹ̀, gbèsè ló gbà.

Ìbéèrè kejì: ta ló mú kọ́kọ́rọ́ kejì? Bí ẹnì kan náà bá ń yan ìgbìmọ̀, tó ń yọ wọ́n, tó tún ń pàṣẹ fún wọn, ọ̀nà Malaysia la wà yẹn. Ní Bénin, a ti ní Cour des comptes láti ìgbà tí wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe ní 2019. Kí ó ṣí ìwé àpò náà wò lọ́dọọdún, kí ó sì gbé e lọ sílé aṣòfin ní gbangba. Kí wọ́n má lè fi èdìdì àṣírí dì í.

Ìbéèrè kẹta: níbo ni èrè ń lọ? Kí òfin sọ ìdá tí ìjọba lè ná àti ìdá tó jẹ́ ti ọmọ. Bí òfin kò bá sọ ọ́, ọdún ìdìbò ni yóò sọ ọ́.

Ìbéèrè kẹrin, èyí ló sì kàn wá jù lọ: kí ni ti àwọn tí ilẹ̀ wọn wà nínú rẹ̀? Àwọn tó ni oko ìrèké Ṣábẹ àti ilẹ̀ òkúta Onígbólò kò sí nínú ìwé kankan gẹ́gẹ́ bí olówó. Ilẹ̀ ni wọ́n mú wá, ilẹ̀ sì ṣe pàtàkì bí owó. Kí ìlú tó gba iléeṣẹ́ lálejò ní aṣojú tó ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka ìṣirò. Kí ìdá kan nínú èrè padà sí ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ fún omi, ọ̀nà àti ilé ìwé. A kò ní kí wọ́n fún ọba lówó lábẹ́ aṣọ o, ẹ má ṣì wá gbọ́. Gbangba là ń fẹ́.

Iṣẹ́ wà fún àwa náà. Ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ ní ìwé ilẹ̀ àtijọ́ nínú àpótí, ìwé tí wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa, ẹ mú un jáde kí ikán tó jẹ ẹ́ tán, kí a ṣe àdàkọ rẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ṣì mọ bí a ṣe ń ka ìwé ìṣirò iléeṣẹ́. A ti ṣetán láti jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pobẹ̀ àti ní Àjàṣẹ́ láti kọ́ wọn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí i lónìí, kí akọ̀wé kọ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé, kí ẹ̀yin ọba wa fi òǹtẹ̀ lù ú, kí a sì fi lé àwọn aṣòfin wa lọ́wọ́. Aṣòfin tó bá wá tọrọ ìbò, ká béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí a jọ ní di ohun tí ẹnì kan jẹ.  Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ.